Òùngbẹ Ọdẹ́sànmí

Ẹ fìdí mọ́lẹ̀ jàre. Òjò ti há gbogbo yín mọ́ abẹ́ àtíbàbà mi, kò sì sí ẹni tí yóò dé oko mọ́ lónìí, ẹ jẹ́ kí etí mi sinmi. Láti ìgbà tí òjò yìí ti ṣú ni Bánjọ àti Làbísí ti ń pariwo lé ara wọn lórí nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Bánjọ ní kò sí ẹ̀sìn tó mọ́ láyé, pé kí á wo ìwà àwọn tó ń ṣe é, kí á sì tutọ́ sílẹ̀. Làbísí ní ẹ̀sìn mọ́, àwọn èèyàn ló dọ̀tí. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dákẹ́! Kí lẹ rí láyé tí ẹ fi ń la ẹnu gbàǹgbà báyìí? Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti fi ọgọ́ta ọdún gbé ìbọn. Mo ti bá iwin jẹun nínú àwo kan náà, èmi ni mo sì kọ́kọ́ mú ẹran. Ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Èmi ni n ó dá ẹjọ́ yín, ìtàn ni n ó sì fi dá a.

Làbísí, bu omi fún mi ná. Ẹ̀n-ẹ́n. O ṣeun, ọmọ mi, o kò ní rí ọ̀dá.

Ọdẹ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Ọdẹ́sànmí, ará Ìdí-Àfọ̀n ni. Ọkùnrin náà ga, ó síngbọnlẹ̀, ó sì lẹ́wà débi pé ọbẹ̀ ń jóná lórí ààrò àwọn obìnrin bó bá ń kọjá. Bánjọ, kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín? Mo ní ọkùnrin náà lẹ́wà! Bí ó bá yìnbọn, ẹran kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣubú, ńṣe ló máa ń dùbúlẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ìyà má baà pọ̀. Irin ọdẹ nìkan ló ń bọ, òfin ọdẹ ilé wọn ló sì ń pa mọ́, èyí tó sọ pé ọdẹ kì í yìnbọn sí ẹran tó bá ń mumi lọ́wọ́. Jẹ́ kó mu tán, jẹ́ kó gbórí sókè, kí o tó yìn ín.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Olódùmarè fún un, obìnrin, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Àwẹ̀ró lọ́kọ sí ìlú Olómitútù. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, kò padà wá sílé bàbá rẹ̀, nítorí ẹ̀sìn ìlú náà ti wọ̀ ọ́ lára. Ẹ̀sìn Àmù ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ẹ̀sìn náà kò ní ariwo, òfin kan ṣoṣo ló ní: kí onílé kọ̀ọ̀kan gbé àmù sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí ó máa pọnmi kún un láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lọ sì mu. Ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ wọn láti kékeré ni pé, “Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, fún un lómi. Má bi í léèrè.” Ó parí. Bí Ọdẹ́sànmí bá lọ kí ọmọ rẹ̀, òun náà a mu níbẹ̀, a sì máa sọ pé, “Àwẹ̀ró, ẹ̀sìn rẹ yìí kò burú o.”

Ṣùgbọ́n ọmọ aráyé ni ọmọ aráyé. Olúgbódi kan jẹ oyè Aláṣẹ Àmù, òun pẹ̀lú àgbà mẹ́fà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òfin lé òfin. Wọ́n ní bí omi kan bá ti ibi mímọ́ wá, àwọn àgbà ni yóò kọ́kọ́ mu ún kí ẹlòmíràn tó fẹnu kàn án. Wọ́n tún ní àlejò gbọdọ̀ ka ìdílé rẹ̀ dé ìran méje kí ó tó mu nínú àmù, kí ẹni tí a kò mọ orírun rẹ̀ má baà bà á jẹ́. Ìran méje! Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ! Àwọn ará ìlú kùn díẹ̀, wọ́n sì gbà.

Ọ̀dá wá dá lọ́dún kan. Ọkùnrin kan tí egbò bo ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́ dé ẹnu ọ̀nà Àwẹ̀ró lọ́sàn-án gangan. Kò lè sọ̀rọ̀, áńbọ̀sì kó ka ìran. Àwẹ̀ró bu omi fún un, ó mu, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò pẹ́ ni wọ́n pe Àwẹ̀ró síwájú Olúgbódi.

“Ọmọ ta ni ọkùnrin yẹn?”

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. “N kò bi í, bàbá.”

“O kò bi í kẹ̀?”

“Bí ẹ ṣe kọ́ wa nìyẹn, bàbá. Ẹ ní kí á má bi wọ́n léèrè.”

Ọ̀rọ̀ yìí dun Olúgbódi ju ẹ̀ṣẹ̀ náà lọ. Ó ní obìnrin yìí ti ba àmù jẹ́, kí wọ́n gba àmù tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fún un lómi fún ọjọ́ méje. Gbogbo ìlú gbọ́. Àwọn tó ń bá a jẹun ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ní ọjọ́ kẹta ni bàbá rẹ̀ dé, ó gbé etu gbígbẹ wá fún un. Ó bá a lábẹ́ igi ọdán ní ìta gbangba, ètè rẹ̀ ti ya. Àmù kan wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí i, ó kún dẹ́nu. Ọdẹ́sànmí gbé e sáyà, ó mi akèrègbè ara rẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó ti mu ún tán lọ́nà. Àwẹ̀ró la ojú, ó ní, “Bàbá, àmù kò ṣẹ̀ mí o.”

Bàbá sáré lọ síbi àmù. Olúgbódi dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin méjìlá tó di kùmọ̀ mú. Ó ní, “Ka ìdílé rẹ.”

Ẹ ó ní kí ló dé tí ọdẹ tó tó bẹ́ẹ̀ kò jà. Èmi náà ti bi ara mi bẹ́ẹ̀ tó ìgbà ẹgbẹ̀rún. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu yóò yá ju ìjà lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ọmọ Ọdẹ́yalé, Ọdẹ́yalé ọmọ Akínṣípẹ̀, Akínṣípẹ̀ ọmọ Lágbẹ̀dẹ. Ìran karùn-ún ló dé tí àwọn obìnrin fi figbe ta lábẹ́ ọdán. Àwẹ̀ró ti kú.

Làbísí, omi. Kún un dáadáa.

Ọdẹ́sànmí sin ọmọ rẹ̀ tán, kò sunkún. Ó jókòó ti ojú oórì, ó ń ronú bí yóò ṣe gbẹ̀san. Ó ní bí òun bá pa Olúgbódi, wọn yóò fi Olúgbódi mìíràn jẹ. Igi tó bá ń so èso olóró, a kì í já èso rẹ̀, gbòǹgbò là ń hú. Ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Amọ̀kòkò ló mọ àmù àkọ́kọ́, pé àmù náà ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ẹ̀yìn Igbó Ẹlẹ́nu-mẹ́ta, àti pé ọjọ́ tí ó bá fọ́ ni gbogbo àmù ẹ̀sìn náà káàkiri ayé yóò fọ́. Ọdẹ́sànmí fi ahọ́n kan irin àdá rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀sìn tó pa ọmọ mi, èmi náà yóò pa á.” Ó gbé ìbọn, ó gbé kùmọ̀, ó di ọ̀nà.

N kò ní fi ìrìn yọ yín lẹ́nu, ẹsẹ̀ ló rìn ín, ẹnu kọ́. Nígbà tí ó dé ẹnu igbó, iwin tó ń jẹ́ Ẹlẹ́nu-mẹ́ta yọ sí i. Ẹnu kan wà níwájú iwin yìí tó ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan wà ní ìpàkọ́ tó ń sunkún, ẹ̀kẹta wà ní ikùn, kò sì dákẹ́ jíjẹ. Ọdẹ́sànmí kò béèrè ọ̀nà, ó gbé e ṣánlẹ̀! Iwin dìde, ó gbé ọdẹ ṣánlẹ̀! Ilẹ̀ mì, ẹyẹ sá kúrò lórí igi, àwọn ọ̀bọ ń pàtẹ́wọ́. Ìgbà keje tí ọdẹ gbé e ṣánlẹ̀, ẹnu tó ń jẹun gbé ohun tó ń jẹ mì lódindi, ó ní, “Ó tó! O lágbára, mo gbà. Ṣùgbọ́n agbára kọ́ la fi ń kọjá níbí, àlọ́ ni. Kí ni gbogbo ayé ń wẹ ìdọ̀tí wọn sí, tí kò dọ̀tí?”

Ọdẹ́sànmí dáhùn lójú ẹsẹ̀. “Odò tó ń ṣàn.”

“Bí o bá mọ èyí, kí lo wá ń lọ fọ́?”

“Ìyẹn kò sí nínú àlọ́ rẹ! Yà fún mi.”

Ẹnu ìpàkọ́ bú sẹ́kún. Ẹnu iwájú ní, “Ó ku ohun kan. Mú awọ àgbọ̀nrín funfun wá. Ibi adágún tó wà lọ́hùn-ún yẹn nìkan ló ti ń yọjú. Bí ó bá ti gbórí kúrò nínú omi, yóò pòórá.”

Ẹ gbọ́ bí ayé ṣe ń dẹkùn fún ènìyàn. Ọdẹ́sànmí lúgọ. Àgbọ̀nrín funfun náà yọ, ó rẹlẹ̀, ó ki ẹnu bomi. Òfin ọdẹ dìde nínú ọdẹ, ó ní, “Má ṣe é.” Ẹ̀san dìde, ó ní, “Bí kò ṣe báyìí, o kò ní dé ibẹ̀.” Ọdẹ́sànmí ní òfin yóò dárí ji òun, pé ọ̀rọ̀ òun ní ìdí. Ó yìn ín. Ẹran náà gbójú sókè wò ó, omi ṣì ń kán lẹ́nu rẹ̀, kò sì tíì gbé e mì. Ọdẹ bó awọ rẹ̀, ó fún iwin, ó kọjá. Kò wẹ̀yìn.

Lẹ́yìn igbó ni ó já sí ìlú kan tó funfun báláú. Ìta gbangba mọ́, ògiri mọ́, ẹnì kan kò sì sọ̀rọ̀ sókè. Láàrin ìlú ni àmù kan wà tí wọ́n fi aṣọ funfun mẹ́rìndínlógún wé. Àwọn ará ìlú dùbúlẹ̀ yí i ká, wọ́n rù, ojú wọn jìn, wọ́n ń lá ìrì lórí ewé. Baálẹ̀ wọn fi ọwọ́ tẹlẹ̀, ó dìde.

“Káàbọ̀, ọdẹ. O dé Ìlú Aláìlábàwọ́n. Ẹ̀sìn Àmù tiwa nìkan ló pé láyé. Kò sí ẹni tó lè nàka àbùkù sí i.”

“Ẹ bu omi fún mi níbẹ̀ nígbà náà.”

Gbogbo wọn figbe ta. Baálẹ̀ ní, “Omi kẹ̀? A kò pọnmi sí i rí! Bí a bá pọnmi, ẹrẹ̀ yóò wọ̀ ọ́. Bí ẹnì kan bá mu, itọ́ yóò kán sí i. Ẹ̀sìn wa kò ní àbùkù nítorí pé kò sí ẹni tó ń ṣe é.”

“Òùngbẹ ńkọ́?”

“Ó ń pa wá. Ṣùgbọ́n wo bí ó ṣe mọ́!”

Ọdẹ́sànmí, tí kò rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti kú, rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Omijé náà ni kò wá dá mọ́. Bánjọ, ìlú rẹ nìyẹn. Bí o bá ń wá ẹ̀sìn tí ẹnì kankan kò bà jẹ́, lọ bá wọn lá ìrì.

Ó rìn títí, ó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Amọ̀kòkò. Arúgbó náà jókòó síwájú ilé, ó ń po amọ̀. Bí inú ṣe ń bí ọdẹ tó, ó dọ̀bálẹ̀, nítorí ọmọ tí a kọ́ kì í bá àgbà lẹ́nu iṣẹ́ kó má kí i.

“Ẹ kú iṣẹ́, ìyá.”

“Oò, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo dé?”

“Rárá o. Àmù yín ni mo wá fọ́.”

“Ẹ̀yìnkùlé ló wà. Ṣé o mú kùmọ̀ wá?”

Ọdẹ́sànmí lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ti rò pé wúrà ni yóò rí. Àmù amọ̀ lásán ni ó bá níbẹ̀, ó tẹ̀ sí apá kan, ojú àtàǹpàkò arúgbó hàn lára rẹ̀, ó sán láti ẹnu dé ìdí, wọ́n sì fi oje igi dí i káàkiri. Omi ń jò níbẹ̀ tó-tó-tó.

“Ìyá, ṣé èyí náà nìyí?”

“Òun ni. Inú iná ló ti sán lọ́jọ́ tí mo sun ún. Mo ti ń dí i láti ìgbà náà.”

“Wọ́n ní ó pé!”

“Ta ló wí bẹ́ẹ̀? Ẹni tí kò pọnmi sí i rí ni. Ó ń jò, òun ni mo ṣe ń ru omi lójoojúmọ́. Fọ́ ọ bí o bá fẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ rẹ ṣe tí wọ́n fi pa á?”

“Ó fún àlejò lómi.”

“Ta ló kọ́ ọmọ náà bẹ́ẹ̀?”

Ẹ má rò pé ọdẹ túbá! Ó nàka sí arúgbó, ó ní, “Ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn mí. Olúgbódi náà ńkọ́? Ta ló kọ́ òun?”

Ìyá Amọ̀kòkò fi amọ̀ sílẹ̀. “Èmi náà ni,” ó ní. “Àmù kan náà ni àwọn méjèèjì ti mu. N kò lè sẹ́ ọ̀kan, kí n fi èkejì yangàn.” Ó wá wo ọdẹ lójú. “Awọ tí o fi kọjá ibodè, kí ni ẹran náà ń ṣe nígbà tí o yìn ín?”

“Ó ń mumi.”

“Ṣé kí n wá lọ yọ́ gbogbo irin ọdẹ ayé dànù nítorí tìẹ?”

Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Kùmọ̀ bọ́ lọ́wọ́ Ọdẹ́sànmí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, “N kò fọ́ ọ mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kú, ìyá. Inú mi kò rọ̀, kò sì ní rọ̀. Ẹ fún mi ní ẹ̀san.”

Arúgbó bu omi àmù náà kún akèrègbè rẹ̀. Ó ní, “Ẹnikẹ́ni tó bá ti fi omi du ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, bí ó bá mu èyí, òùngbẹ ẹni tó fi omi dù ni yóò wọ inú rẹ̀. Kò ní rọlẹ̀, àfi bí ẹlòmíràn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu omi fún un, tí kò sì bi í léèrè ohunkóhun. N kò ní kí o fún wọn mu. N kò ní kí o má fún wọn.”

Ọjọ́ ọdún Àmù gan-an ni ó wọ Olómitútù. Òjò ti padà, ìlú ń jó. Ó wólẹ̀ síwájú Olúgbódi bí ẹni tó ti gbàgbé ohun gbogbo, ó ní, “Kábíyèsí àmù, mo dé ọ̀dọ̀ Ìyá Amọ̀kòkò. Omi àmù àkọ́kọ́ nìyí.” Wọ́n hó yèè! Olúgbódi na igbá. Ọdẹ́sànmí ní, “Bóyá kí àwọn ọmọdé kọ́kọ́ tọ́ ọ wò?” Olúgbódi jágbe mọ́ ọn. “Ṣé o kò mọ òfin ni? Àwọn àgbà ló ń kọ́kọ́ mu!” Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Àwọn méjèèje ń ti ara wọn, wọ́n mu, wọ́n nu ẹnu.

Ká tó ṣẹ́jú, wọ́n dìde. Wọ́n sáré sídìí àmù tó wà lójúde, wọ́n ki orí bọ̀ ọ́. Omi ń wọ̀ wọ́n lẹ́nu, òùngbẹ ń gbóná sí i. Wọ́n já aṣọ oyè dànù, wọ́n ń lá ilẹ̀ ẹrẹ̀. Àwọn ará ìlú sá sẹ́yìn. Ọdẹ́sànmí lọ jókòó sí abẹ́ ọdán, níbi tí Àwẹ̀ró kú sí, ó gbé igbá omi tó kún lé itan.

Àwọn àgbà mẹ́fà rá kòrò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ọdẹ, nítorí Àwẹ̀ró, fún wa lómi.” Orúkọ yẹn gún un lọ́kàn. Ó bu omi fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò bi wọ́n léèrè, òùngbẹ wọn sì rọlẹ̀. Olúgbódi ló kẹ́yìn. Ó na ọwọ́, ètè rẹ̀ ti ya.

Ọdẹ́sànmí wò ó. Ó ní, “Ka ìdílé rẹ.”

Olúgbódi bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ka bàbá rẹ̀, ó ka bàbá bàbá rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń há. Àwọn àgbà mẹ́fà ń bẹ ọdẹ, ọmọ Olúgbódi obìnrin dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ bí ọkùnrin. Ọdẹ kò wò ó. Ní ìran karùn-ún, Olúgbódi ṣubú, ó kú.

Ó dùn! Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ̀san kò dùn, irọ́ ló ń pa! Ó dùn títí dé inú eegun! Ọdẹ́sànmí dìde, òógùn bò ó, ayọ̀ ti gbẹ ẹ́ lọ́fun. Ó gbé akèrègbè tó wà léjìká rẹ̀, ó dà á sẹ́nu, ó mu èyí tó kù níbẹ̀ tán, bí ẹni tó parí iṣẹ́ oko ṣe ń mu. Kò rántí ka ara rẹ̀ mọ́ wọn. Omi náà kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Òùngbẹ Olúgbódi wọ inú ọdẹ.

Làbísí, ó tún gbẹ. Ẹ̀ẹ̀melòó lo ti bu omi fún mi láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mejì ni, èyí ni yóò ṣe ẹ̀kẹta, ẹ ò sì fura.

Ogójì ọdún rèé. Bí mo bá fi ọwọ́ ara mi bu ú, òùngbẹ mi kì í rọlẹ̀; bí ẹlòmíràn bá bu ú fún mi, a rọlẹ̀, a sì tún padà. Ọjọ́ tí mo wọ ìlú yín, ìyá Làbísí ni mo kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà, àmù wà níwájú ilé rẹ̀. Kò béèrè ibi tí mo ti wá, kò béèrè ohun tí mo ṣe, ó bu omi. Títí dòní, ẹ kò mọ orúkọ mi, Bàbá Ọdẹ lẹ ń pè mí. Ẹ̀sìn tí mo fẹ́ pa ló ń mú mi wà láàyè, láti ọwọ́ àwọn tó ń ṣe é, tí inú ń bí mi sí. Ẹ mú ìyẹn, kí ẹ fi parí ìjà yín. Èmi kò rí i parí.

Ta ló gbé igbá yẹn? Bánjọ? Ìwọ náà? Mo rí ẹnu rẹ tó ń gbọ̀n. Mo mọ ohun tí o fẹ́ bi mí: bóyá mo kábàámọ̀ pé n kò fún un lómi. Bí o bá bi mí, omi ọwọ́ rẹ yẹn kò ní ṣe mí láǹfààní kankan. Pa ẹnu dé, ọmọ mi. Gbé e súnmọ́ mi.